Iṣẹ́ Tí Wọ́n Rán Owó

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ní Egan, ní Èkó, kí àwọn kọ̀ndọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké "LASU, Ìyànà Ìbà, ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì o," alájọ àdúgbò wa ti jáde. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Àpò aláwọ kan wà ní èjìká rẹ̀, ó fi bírò kan há gèlè. Ìyá elélùbọ́ ló máa ń kọ́kọ́ yà sí. Ìyá yóò na ẹgbẹ̀rún kan náírà sí i, yóò na káàdì rẹ̀ pẹ̀lú, káàdì tí epo ti ta sí létí. Ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lójú káàdì náà, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Alájọ á sàmì sí ilé ọjọ́ náà, á ṣí ìwé tirẹ̀, á sàmì síbẹ̀ náà kí ó tó ti owó bọ àpò. Owó ọjọ́ kan péré nínú oṣù ni tirẹ̀. Ìyókù, olówó ló ni ín.

Lọ́jọ́ kan, ojú mi báyìí ló ṣe, ọkùnrin kan tí òun àti alájọ yìí jọ jẹ́ ọmọ ìlú kan náà bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yọ díẹ̀ nínú owó àpò náà yá òun. Ó ní ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni, pé tí ó bá di ọjọ́ Ẹtì òun yóò dá a padà. Alájọ ti ọwọ́ bọ inú tòbí, ó yọ owó ara rẹ̀ fún un. Owó àpò, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Àbúrò mi, má bínú. Wọ́n ti rán owó yìí níṣẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ mi."

Láti ọjọ́ náà ni gbólóhùn yẹn ti ń bá mi gbé. Mo ti gbọ́ àsọyé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ti ka ìwé àwọn agbẹjọ́rò, mi ò tíì rí èyí tó ṣàlàyé ọ̀ràn ẹ̀bùn sí yunifásítì tó bẹ́ẹ̀. Owó tí ènìyàn fi ta ilé ẹ̀kọ́ lọ́rẹ, ìránṣẹ́ ni. Ó ní ẹni tó rán an, ó ní ibi tó ń lọ. Ẹni tó gbà á lójú ọ̀nà kò lágbára láti yí ibi tó ń lọ padà, bó ti wù kí ẹni náà kàwé tó.

Ọ̀rọ̀ yunifásítì kò jìnnà sí wa níhìn-ín. Títì tó gba Egan kọjá, LASU ló ń gbé ọmọ ènìyàn lọ láràárọ̀, yunifásítì tí ìjọba Lateef Jakande dá sílẹ̀ fún Ìpínlẹ̀ Èkó ní 1983. Ọmọ ìyá elélùbọ́ wà lára wọn. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń dáwó fún yunifásítì, kì í ṣe olówó ńlá nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Owó irú àwọn ìyá wọ̀nyí wà nínú rẹ̀, ọ̀nà ẹgbẹ́, ọ̀nà ìjọ, ọ̀nà ọmọ tó ti jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ tiwa, àwa tí a jọ jáde ní yunifásítì kan, ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Mi ò ní dárúkọ yunifásítì náà. Nígbà tí a wà níbẹ̀, ọmọ mẹ́wàá ló máa ń tò sẹ́yìn maikirosikóòpù kan. Kí ó tó kàn ọ́, omi tí wọ́n kán sórí gíláàsì ti gbẹ, ohun abẹ̀mí tí o fẹ́ wò ti kú. Ohun tí o bá yà sínú ìwé rẹ, ohun tí ẹni iwájú sọ fún ọ pé òun rí ni. Ìdí nìyí tí a fi pinnu, lẹ́yìn tí a ti dàgbà, pé a ó ra maikirosikóòpù méjìlá fún yàrá ìṣàyẹ̀wò yẹn. Ẹnì kan nínú wa tó ń wa takisí ní London fi owó ọ̀sẹ̀ méjì ránṣẹ́. Opó kan nínú wa san tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó sì san án pé. Wọ́n gba owó, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n fún wa ní lẹ́tà ọpẹ́ tó ní òǹtẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, a lọ wò ó. Yàrá ìṣàyẹ̀wò wà bí a ṣe fi í sílẹ̀. Ọ́fíìsì àwọn olùkọ́ ni wọ́n mú wa lọ. Ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́rin ń mí lára ògiri, àga tuntun wà nílẹ̀, wọ́n sì kan òkúta dídán kan mọ́ ẹnu ọ̀nà. Orúkọ ẹgbẹ́ wa ló wà lára rẹ̀, lẹ́tà aláwọ̀ wúrà. Opó tí mo wí lẹ́ẹ̀kan fi ìka tọ orúkọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Ọ̀gá tó gbà wá lálejò kò ṣe àfojúdi. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ má bínú. A jókòó lé e lórí, a rí i pé èyí ló pọn dandan jù. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ."

Ó kó rìsíìtì síwájú wa. Kọ́bọ̀ kan kò wọ àpò ẹnikẹ́ni. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Bó bá jẹ́ pé wọ́n jí owó náà ni, olè ní orúkọ, ilé ẹjọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dá a. Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí wa kò ní orúkọ, òwe ni wọ́n sì fi bò ó. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, àmọ́ bí a bá gun ẹṣin kọjú sí ibi tí kò yẹ, kò lè gbé wa délé.

Kí ni àwọn baba wa ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ní ká fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ ẹrú? Wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ lè jáde lẹ́nu ẹni tó rán ni lọ́nà líle, lọ́nà tó lè dájà sílẹ̀. Ọmọ tó ní làákàyè yóò tún ọ̀rọ̀ náà tò, yóò kúnlẹ̀, yóò kí, yóò fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Àtúnṣe yìí kan bí a ṣe ń jẹ́ iṣẹ́ náà nìkan. Bí bàbá mi bá rán mi láti Egan lọ sí Ìkọ̀tún, mo lè wọ aṣọ tó dára, mo lè tètè lọ, mo lè fi ọ̀rọ̀ dídùn kún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìkọ̀tún náà ni mo gbọ́dọ̀ dé. Bí mo bá yà sí Ẹ̀gbẹ́dá, tí mo padà wá sọ pé mo rí i pé ará Ẹ̀gbẹ́dá ló nílò iṣẹ́ náà jù, mi ò fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mi ò jẹ́ ẹ rárá.

Òwe yẹn sì ní ẹ̀gbọ́n tó jáde ṣáájú rẹ̀: iṣẹ́ tí a rán ni là ń jẹ́. Ó tún ní èkejì: ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a jẹ́ ẹ fún. Ẹ fi èyí wọn ọ̀ràn yunifásítì wò. Olórí ẹ̀ka, olùkọ́ àgbà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, gbogbo wọn ló wà nítòsí, gbogbo wọn ló lè bínú lónìí. Ẹni tó fúnni lówó wà lókèèrè, ó lè ti kú pàápàá. Bí ẹni tó wà nítòsí bá ń gba ìbẹ̀rù wa, kò sí ẹ̀bùn tí yóò dé ibi tí wọ́n rán an.

Àwọn yunifásítì wa fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kan, ìtayọ. Ẹ ó rí i lára ẹnu géètì, lára kàlẹ́ńdà, lẹ́nu ọ̀gá àgbà lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Mi ò lòdì sí i. Mo kàn fẹ́ ká wá ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́nà tí wọ́n gbé igi fún pé kó gbẹ́ ìlẹ̀kùn, tó wá gbẹ́ àga tó rẹwà jù lọ lágbàáyé, a ó yin ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé yóò wà láìsí ìlẹ̀kùn, olè yóò sì wọlé. Ọlọ́nà tó gbẹ́ ìlẹ̀kùn tó ṣí geere, tó tì geere, tó wá gbẹ́ ẹyẹ àti ejò sí i lára láìgba owó kún owó, ẹni yẹn ló tayọ. Iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ti pé ná, kí ẹwà tó gorí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí a rán owó yìí ti dá wàhálà sílẹ̀ níbi tí owó pọ̀ ju tiwa lọ. Ní 1961, tọkọtaya kan ní Amẹ́ríkà, Charles àti Marie Robertson, fún Yunifásítì Princeton ní 35 mílíọ̀nù dọ́là. Marie ló jogún owó ilé iṣẹ́ A&P, àwọn tó ń ta oúnjẹ káàkiri Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán owó náà yéni: kí wọ́n fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò lọ sìn nínú ìjọba orílẹ̀-èdè wọn, pàápàá nínú ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n fi owó náà ṣòwò, ó sì gbèrú tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń lọ sí 900 mílíọ̀nù. Ní 2002 àwọn ọmọ wọn gbé Princeton lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n ní owó ń yà sí ibi tí òbí àwọn kò rán an, pé ìwọ̀nba ènìyàn ló ń ti ibẹ̀ wọ iṣẹ́ ìjọba. Princeton ní òun kò ṣẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi fà á. Ní December 2008 wọ́n parí rẹ̀ kí adájọ́ tó dájọ́: Princeton yóò san 50 mílíọ̀nù dọ́là fún àjọ tuntun tí ẹbí náà dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ kan náà, yóò sì san 40 mílíọ̀nù dípò ohun tí wọ́n ti ná sórí ẹjọ́. Ẹ wo owó ẹjọ́ nìkan. Ó ju ẹ̀bùn àkọ́kọ́ lọ.

Ti Yunifásítì Yale, ní Amẹ́ríkà kan náà, yàtọ̀. Olówó kan, Lee Bass, fún wọn ní 20 mílíọ̀nù dọ́là ní 1991 láti fi kọ́ àwọn ọmọ nípa ọ̀làjú ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ọdún ń gorí ọdún, ẹ̀kọ́ náà kò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó yá, Bass fẹ́ ní ẹnu nínú yíyan àwọn olùkọ́, Yale sì kọ̀. Ní 1995 wọ́n dá owó rẹ̀ padà fún un. Àwọn kan fi Yale ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Ní tèmi, ìtìjú dídá owó padà sàn ju ìgbéraga yíyí i padà lọ. Ibi tí Bass náà sì ti ṣàṣejù hàn sí mi. Bí a bá ti fi màlúù ta ni lọ́rẹ, a ó jọ̀wọ́ okùn rẹ̀. Ẹni tó fúnni lówó kò gbọdọ̀ sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n fi màlúù náà sìnkú bàbá mi, tí wọ́n lọ pa á níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ ọ̀rẹ́ wọn, ẹ má sọ pé okùn ni mò ń fà. Òkú bàbá mi ni mò ń bèèrè.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Josephine Newcomb. Ọmọbìnrin rẹ̀, Sophie, kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní 1886 ó fún Yunifásítì Tulane ní New Orleans ní 100,000 dọ́là, ó tún ń fún wọn títí ó fi kú, kí wọ́n lè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin ní ìrántí ọmọ náà. Nígbà tí ìjì Katrina ba ìlú náà jẹ́ ní 2005, Tulane pa kọ́lẹ́ẹ̀jì náà pọ̀ mọ́ ìyókù yunifásítì náà ní 2006. Ẹbí ìyá náà pẹjọ́, ilé ẹjọ́ Louisiana sì dá Tulane láre. Òkú kò mọ iye tí wọ́n ra àgọ̀. Ẹni tó wà láyé ló ń náwó, ẹni tó wà láyé ló ń sọ pé ó tọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé. Ní òdìkejì Èkó sí wa, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni lè fojú ara rẹ̀ lọ wò. Ọmọba Yẹmisí Shyllon, ọmọ Abẹ́òkúta, ẹnjinníà tó tún kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, fi 1,000 iṣẹ́ ọnà ta Pan-Atlantic University lọ́rẹ, ó sì fi owó lé e kí ilé tó dára lè wà fún wọn. Ní October 2019 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà. Iṣẹ́ Ben Enwonwu wà níbẹ̀, ti Bruce Onobrakpeya wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń lọ síbẹ̀ láti wò wọ́n. Ohun tó jọ mí lójú ni pé àdéhùn ti wà nílẹ̀ kí ẹrù tó wọlé. Agbẹjọ́rò mọ̀ pé ẹnu dùn ún ròfọ́. Ohun tó bá wà nínú ìwé, ọ̀gá tó bá dé lẹ́yìn ogún ọdún yóò bá a níbẹ̀.

Mo ní ẹ̀sùn kan tí mi ò ní bò mọ́lẹ̀. A mọ bí a ṣe ń jíhìn owó, bó bá wù wá. Láti 2000 títí di 2010, àwọn àjọ ńlá Amẹ́ríkà bíi Carnegie, Ford, MacArthur àti Rockefeller fọwọ́ so pọ̀ láti ran yunifásítì ilẹ̀ Áfíríkà lọ́wọ́. MacArthur ran Yunifásítì Ìbàdàn lọ́wọ́, Carnegie ran Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́wọ́. Owó irú àwọn àjọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìròyìn lórí èyí tí wọ́n ti gbà ló ń ṣílẹ̀kùn fún èyí tó kù. Mo ti rí ọ̀gá tó ń sáré láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, òógùn bò ó, nítorí ìròyìn tí òyìnbó ń retí lọ́jọ́ Ajé. Mi ò tíì rí èyí tó sáré bẹ́ẹ̀ nítorí opó tó san owó maikirosikóòpù lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ta ló sọ fún wa pé iṣẹ́ tí àlejò rán ni là ń jẹ́, tí ti ọmọ ilé lè dúró?

Ọ̀ràn kan tún wà tí kò sí ọ̀dàlẹ̀ nínú rẹ̀, síbẹ̀ iṣẹ́ kò dé. Ní nǹkan bí 1980, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Bí ọmọ kan bá fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà sílẹ̀ ní orúkọ bàbá rẹ̀ nígbà náà, pé kí èlé rẹ̀ máa jẹ́ ẹ̀bùn fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbégbá orókè, owó gidi ni. Lónìí, dọ́là kan ju ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ. Wọn yóò pe akẹ́kọ̀ọ́ náà jáde, gbọ̀ngàn yóò pàtẹ́wọ́, yóò ṣí àpò ìwé, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní ra búrẹ́dì kan. Bàbá tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n máa rántí, ìtìjú ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú owó náà lè ní òun kò jí kọ́bọ̀, òótọ́ sì ni. Àmọ́ àgbẹ̀ tí wọ́n fún ní ebu, tó tọ́jú rẹ̀ sínú àká títí ó fi jẹrà, kò jí ebu. Ó kàn jẹ́ kí ebi pa ilé. Nígbà tí náírà ń sọ̀kalẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti ra ilẹ̀ tàbí ìpín ìdókòwò, kí wọ́n sì kọ̀wé sí ẹbí náà pé, "Owó bàbá yín ń yọ́ o, ẹ wá ká jọ wá nǹkan ṣe."

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa di ọ̀rọ̀ àtijọ́ mú bí òkúta nítorí pé ìyá kan sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó fi owó sílẹ̀ fún taipuráítà, ayé ti gba taipuráítà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí iṣẹ́ tí a rán owó bá kú, ẹni tó rán an ni kí a padà lọ bá. Bí ó bá ti kú, ọmọ rẹ̀ wà. Bí kò bá sí ọmọ, ilé ẹjọ́ wà, òfin sì fún un lágbára láti wá iṣẹ́ tó jọ ti àkọ́kọ́ jù lọ. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí ènìyàn mẹ́ta jókòó sínú ọ́fíìsì, kí wọ́n rí ohun tó pọn dandan jù, kí ẹni tó ni owó sì wá gbọ́ ọ lára ògiri.

Òfin kan tún wà tí ọ̀pọ̀ wa kò lò. Láti 2011 ni òfin ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó ń lọ nílé iṣẹ́ ìjọba ti wà ní Nàìjíríà. Ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọjọ́ méje. Ní 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ọ́ ketekete pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ náà, kì í ṣe Àbújá nìkan. Yunifásítì ìjọba wà lára ilé iṣẹ́ ìjọba. Kò sì yẹ kó tó di pé à ń fi òfin fà wọ́n. Ojú ewé kan lọ́dọọdún tó: ẹ̀bùn báyìí wọlé, iṣẹ́ báyìí ni wọ́n rán an, ibi báyìí ló dé. Kí wọ́n má sì bu irọ́ lé e. Ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún ebè tó ní òun gbin igba, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tó gbìn tán, yóò wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́ tó pa.

Ẹgbẹ́ wa jà láàárín ara wa lẹ́yìn ọjọ́ tí a rí ọ́fíìsì yẹn. Àwọn kan ní a ò ní fún yunifásítì náà ní nǹkan kan mọ́ láé. Opó yẹn ló dá wa lẹ́kun. Ó ní àwọn ọmọ tó ń tò sẹ́yìn maikirosikóòpù kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́fíìsì, kí a má fi ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀gá jẹ wọ́n níyà. A tún dáwó. Mẹ́fà ni agbára wa ká lọ́tẹ̀ yìí. A kọ àdéhùn ojú ewé méjì: ohun tí à ń fún wọn, yàrá tí yóò wà, ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, oṣù tí a ó máa wá wò ó, àti ohun tí wọn yóò ṣe bí ọjọ́ kan bá dé tí wọn kò nílò rẹ̀ mọ́. Olórí ẹ̀ka fọwọ́ sí i, àwa náà fọwọ́ sí i. Owó kò kọjá lọ́wọ́ wọn. A ra ẹrù náà fúnra wa, a kọ nọ́ńbà ara ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé.

Ní oṣù tó kọjá a lọ kà wọ́n. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló wà lórí tábìlì, ọmọ méjì méjì sì wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan.